Òkúta Ẹ̀gbẹ́ Àtẹ̀gùn

Bàbá mi kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ilẹ̀ títẹ́, táìsì àti mábù, ló ń ṣe, nígbà tí gbogbo Ọ̀tà di yanrìn àti búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lápá ibí, tí wọ́n ń kọ́ yunifásítì lápá ọ̀hún. Kò sí ilẹ̀ tó tẹ́ tí kì í padà lọ wò. Àwọn èèyàn á dijú, wọ́n á máa gbàdúrà. Òun á lajú, á máa fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ kiri láàárín àga. Tí táìsì bá dún kó, sìmẹ́ńtì kún abẹ́ rẹ̀. Tó bá dún gbòkò, ó ṣófo, ọjọ́ kan ló máa ṣí. Ojú máa ń tì mí débi pé mo máa ń ṣe bíi pé n kò mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́.

Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni kò rí padà lọ wò, ti tẹ́mpìlì àwọn Mọ́mọ́nì, lọ́hùn-ún lẹ́yìn Odò Ọya. Agbaṣẹ́ṣe kan ló kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Sango lọ síbẹ̀. Nígbà tó padà délé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Ilé funfun báláú, ṣóńṣó rẹ̀ ga fíofío, áńgẹ́lì aláwọ̀ wúrà ń fun fèrè lórí rẹ̀. Gíláàsì fèrèsé ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, àmọ́ ẹni tó wà níta kò lè rí inú. Ọpọ́n ìrìbọmi ńlá jókòó sórí ẹ̀yìn màlúù méjìlá tí wọ́n gbẹ́. Yàrá kan wà tí dígí kojú sí dígí, tí èèyàn á máa rí ara rẹ̀ láìlópin. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn ọmọ ìjọ náà ń lọ tí wọ́n bá fẹ́ wọ tẹ́mpìlì.

Ìtàn yìí kì í tán kó má kan òkúta mábù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní gbòkò ló dún lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ kúrò. Ó fẹ́ yọ ọ́ kó tún un tẹ́, fọ́ọ̀mànù ní, "Baba, leave am, time don go." Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́?

Wọ́n ṣí ilé náà sílẹ̀ kí gbogbo ayé wá wò ó kí wọ́n tó yà á sí mímọ́. Bàbá mi kò lọ. Ó ní kí èrò kọ́kọ́ rọlẹ̀ ná, ṣebí tí wọ́n bá ya ilé Ọlọ́run sí mímọ́ tán ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Bó ṣe rí ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀tà nìyẹn. Kò mọ̀ pé ọjọ́ ìyàsímímọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa ti tẹ́mpìlì mọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo fẹ́ ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ náà ní Itele, èmi náà sì ṣe ìrìbọmi. A ṣe ìgbéyàwó ní Itele, tẹbí-tọ̀rẹ́ jẹ, wọ́n yó. Ó wá ku kí wọ́n so wá pọ̀ títí ayérayé, inú tẹ́mpìlì nìkan ni wọ́n sì ti ń ṣe ìyẹn. Mo ṣàlàyé fún bàbá mi títí ẹnu fi ń ro mí: ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Sunday, ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́, tẹ́mpìlì, ọmọ ìjọ tí àwọn aṣáájú fún ní káàdì nìkan ni.

"Èmi tí mo tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀? Jẹ́ ká máa lọ jàre."

Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà tẹ́mpìlì, ó fọwọ́ sọ àyà. "Na me lay this floor!" Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un, ó gbé àga fún un, ó sì rọra sọ fún un pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ kò lè wọlé mọ́, àyàfi tí nǹkan bá bàjẹ́, tí wọ́n bá pe oníṣẹ́.

Bàbá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Òkúta ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, lápá òsì. Tó o bá wọlé, kàn án."

"Bàbá mi, wọn kì í pariwo níbẹ̀ o."

"Ṣé mo ní kó o pariwo ni? Kàn án."

Aṣọ funfun ni mo wọ̀, bàtà mi rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀. A kúnlẹ̀ níbi pẹpẹ, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Dígí wà níwájú, dígí wà lẹ́yìn. A pọ̀ lọ súà nínú wọn, bàbá mi kò sí níbẹ̀. Inú bí mi. Èmi ni mo yan ìjọ náà, n kò sì kábàámọ̀, síbẹ̀ inú bí mi gan-an.

Bá a ṣe ń jáde, mo bọ́ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, mo fi gìgísẹ̀ kan òkúta náà. N kò gbọ́ dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kàn án. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń sìn níbẹ̀ béèrè bóyá nǹkan mi ló jábọ́. Mo ní bàbá mi ló rán mi níṣẹ́. Mo tún un kàn. Kó. Mo kan èyí tó tẹ̀ lé e. Kó. Ó kù díẹ̀ kí n sáré jáde, torí ọkàn bàbá mi máa wá balẹ̀.

Kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó.

"Báwo?"

"Ó ki, Bàbá mi. Kó ló dún. Iṣẹ́ yín dáa."

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀kùn náà.

"O kàn án dáadáa?"

"Mo kàn án dáadáa, sà."

"Wọn ò ní pè mí nìyẹn."