Ta Ni Yóò Fọwọ́ sí Lẹ́tà Ọmọ́ṣadé?

Ọmọ́ṣadé kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú yàrá tí òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta jọ ń gbé ní Al Qusais, nílẹ̀ Lárúbáwá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Òní ló pé ọjọ́ kọkàndínlógún tó ti wà ní mọ́ṣúárì. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n tó lè gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé-iṣẹ́ lọ́yà tó gbà á síṣẹ́ ló sì yẹ kó fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń fi ìwé kíkọ jẹun ni ò rí ìlà mẹ́ta fọwọ́ sí.

Ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú ìwé òfin fún wọn ní Al Muraqqabat. Láyé ìgbà náà, bí òfin bá yí padà, àwọn tó ń tẹ̀wé á fi ojú ewé tuntun ránṣẹ́. Ọmọ́ṣadé á yọ ti àtijọ́ kúrò nínú fáìlì, á ki tuntun bọ̀ ọ́, á kọ déètì sí etí rẹ̀. Bó bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sharjah, a máa ń rí pílásítà ní ìka rẹ̀ níbi tí ìwé ti gé e. Á rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, òfin mú o."

Nígbà tó yá, ìwé títẹ̀ dáwọ́ dúró, gbogbo ẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n kó ìwé rẹ̀ sínú ọkọ̀ akólẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ó ráhùn bí? Ó kọ́ kọ̀ǹpútà ni. Ìgbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń dá ìbéèrè lóhùn fúnra rẹ̀ ni wàhálà dé. Ó rí ìdájọ́ kan nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí kóòtù, ó wá a títí, kò rí i. Ó tọ ọ̀gá wọn lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹjọ́ yìí ò sí níbì kankan. Ẹ̀rọ yẹn ló hun ún."

"Khalas, ó ti parí," ni ọ̀gá dáhùn. "Ẹ̀rọ ti kàwé jù ẹ́ lọ."

Adájọ́ wá ìdájọ́ náà, kò rí i, ló bá ní kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Ẹ̀rọ ni? Àbí ọ̀gá? Rárá o. Wọ́n ní Ọmọ́ṣadé ni kò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fún un níwèé pé ó di ìparí oṣù kó máa lọ.

Ọjọ́ kejìlá oṣù náà ló kú. Tàíbátù tí wọ́n jọ ń gbé gbé lẹ́tà lọ bá wọn. Obìnrin ẹnu ọ̀nà ní, "Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa mọ́, sister." Lọ́yà mélòó ló wà nínú ilé yẹn tí ò mọ̀ pé ọjọ́ kejìlá kì í ṣe ìparí oṣù? Orúkọ wọn ṣì wà lórí físà rẹ̀. Òfin tó ní kí agbanisíṣẹ́ gbé òkú òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé ilé, ọwọ́ Ọmọ́ṣadé ló ki ojú ewé rẹ̀ bọ fáìlì wọn.

Ọ̀gá lọ́yà, ẹ fọwọ́ sí lẹ́tà náà lónìí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ òmíràn sí adájọ́ pé Ọmọ́ṣadé kìlọ̀ fún yín, pé ẹ̀yin lẹ ò gbọ́. Bí ẹ bá kọ̀, a ó mú ìwé ìdádúró rẹ̀ àti ìwé ikú rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, kí ẹ wá ka déètì méjèèjì sókè fún wa.