Lẹ́tà Tí Mo Kọ fún Onísíkáànì

Mo ṣì ń rántí orin ìyìn tí ọkùnrin onísíkáànì Ìyànà Ìyesí máa ń kọ bó bá ń fi ẹ̀rọ wọn ọmọ inú aláboyún. Bí ọmọ bá kéré, á ní, "Ẹnu mi ò ní sọ ibi," á sì kọ ìwọ̀n ọmọ tó tóbi sínú ìwé.

Bó ṣe kọ ti oyún ọmọbìnrin mi nìyẹn. Dókítà gba ìwé náà gbọ́, kò sì tọ́jú oyún náà. Ọmọ ò dàgbà mọ́, ó sì kú sí i nínú.

Onísíkáànì náà ti gbàgbé wa nígbà tó wá bá mi: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ bá mi kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí, kí iléèwòsàn yunifásítì lè gbà mí síṣẹ́."

Mo kọ gbogbo ohun tó ṣe, mo lẹ̀ ẹ́ pa. Ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e lọ.