Etí Máàpù Tí Ògúnjọbí Gé

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu bọ́ sínú ẹ̀kọ mi láàárọ̀ ọ̀la.

Ọdún 1996 ni. Ògúnjọbí, ọmọ Ìjẹ̀bú Igbó, ń ṣiṣẹ́ férémù ní ṣọ́ọ̀bù Kàbírù, ará Íńdíà kan ní Sharjah nílẹ̀ Lárúbáwá. Al Qusais, àdúgbò kan tí kò jìnnà síbẹ̀, ni bedspace rẹ̀ wà, àwọn mẹ́jọ nínú yàrá kan, ẹsẹ̀ ẹnìkan lórí ẹnìkejì. Kó tó dé ibẹ̀, ọdún mọ́kànlá ló ti lò nídìí férémù fọ́tò ní Mushin. Òfin kan ló sì wà ní Mushin: fọ́tò gbọ́dọ̀ kún férémù dẹ́nu. Bí oníbàárà bá rí funfun létí, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, obìnrin Norway kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà epo, Ìyáàfin Solveig, gbé máàpù àtijọ́ kan wá. Norway, Sweden àti Denmark ló wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Blaeu ní Amsterdam ló tẹ̀ ẹ́, ó sì ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà a máa fi irin ṣóńṣó gbẹ́ òkè, odò àti orúkọ ìlú sára àwo bàbà, gbogbo rẹ̀ ní òdìkejì, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìwé nínú dígí. Wọn á fi yíǹkì kùn ún, wọn á tẹ́ ìwé tútù lé e, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé etí bàbà á fi àpá sára ìwé. Àpá yẹn wà lára ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń dá ojúlówó mọ̀. Ògúnjọbí ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tóun rí ni ìwé tó ti pọ́n létí, àti ìlà kan tó rì wọnú bí ojú ọgbẹ́ tó jinná. Ó ní, "Ìdọ̀tí rèé." Ó mú abẹ, ó sì gé etí apá òsì kúrò, tìlà-tìlà.

Kàbírù wọlé, ó rí i, ó wá ibi jókòó.

"Ògúnjọbí, kí lo gé?"

"Etí ni, ọ̀gá. Kó lè kún férémù."

"Thursday ni madam ń bọ̀. Ìwọ lo máa sọ fún un. Bó bá bínú, khalas, ó parí nìyẹn, mo cancel visa rẹ."

Orúkọ Kàbírù ló gbé visa náà ró. Bó bá fà á ya, Èkó ni Ògúnjọbí ń padà sí, ọmọ mẹ́ta á sì kúrò nílé ìwé.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó ṣẹ̀ kì í dá bẹ̀bẹ̀. Ògúnjọbí gba ọjà Deira lọ bá Alhaja Ganiat, tó ń ra léèsì lọ́pọ̀ ránṣẹ́ sí Lagos.

Alhaja ní, "Bébà gbígbó lo gé tó o fi ń gbọ̀n báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Visa mi ni."

"Ó dáa. Èmi ni máa sọ̀rọ̀. Ìwọ ṣáà máa sunkún."

Lọ́jọ́ Thursday, bí Ìyáàfin Solveig ṣe ń ti ilẹ̀kùn wọlé, Alhaja ti wà lórí ìkúnlẹ̀, Ògúnjọbí ti na gbalaja sílẹ̀. Obìnrin náà rò pé ẹnìkan ló dákú. Ó ní kí wọ́n pe dókítà.

"Madam, we are begging you," ni Alhaja wí, ó sì fi òyìnbó tiẹ̀ ṣàlàyé pé ìyá Ògúnjọbí ló kú, pé ọjọ́ tí ìròyìn dé gan-an ló di abẹ mú, pé ẹkún ló gé máàpù, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Ojú obìnrin náà rọ̀. Kàbírù pàápàá ṣí fìlà. Ibẹ̀ ló yẹ kọ́rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n ìyá Ògúnjọbí wà láàyè ní Ìjẹ̀bú Igbó, ara rẹ̀ le koko, wọ́n sì ń fi ẹnu pa á nítorí visa. Ògúnjọbí gbórí sókè nílẹ̀.

"Madam, ìyá mi ò kú. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, a kì í fi funfun sílẹ̀."

Alhaja fi ìka ẹsẹ̀ ta á. "Ọ̀dẹ̀," ó sọ ọ́ sínú gèlè, "ta ló bi ọ́?"

Ìyáàfin Solveig béèrè èyí tó gé. Ògúnjọbí tú u jáde nínú ìwé ìròyìn tó fi wé e. Obìnrin náà gbé e ti máàpù, ó wò ó pẹ́.

"Lẹ̀ ẹ́ padà."

Kàbírù ní, "Madam, kì í ṣe òun. Màá wá ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Òun ni. Ọwọ́ tó gé e ló mọ ibi tí abẹ gbà."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Ìyẹ̀fun ló sè, ó ṣàn bí omi ògì. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi gbè é lẹ́yìn. Síbẹ̀, ìlà tín-ín-rín kan hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun Norway. Ìyáàfin Solveig ní kí wọ́n fi férémù tó fẹ̀ sí i, kí funfun yí i ká, kí ojú àpá náà sì wà ní gbangba. Lọ́jọ́ tó gbé e lọ, Kàbírù ní kí Ògúnjọbí mú passport wá. Visa ọdún mẹ́ta mìíràn ni wọ́n lù sí i.

Alhaja ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Ó ní kò tíì sẹ́ni tó já òun nírọ́ lórí ìkúnlẹ̀ rí.

Irọ́ ẹyọ kan péré ló wà níbẹ̀. Kàbírù ò dé fìlà rárá lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo dé e fún un, kó lè rí nǹkan ṣí.