Oyèkúnlé Òjòwú Gba Ìwé Ìrìnnà

Owú tó wà nínú Oyèkúnlé ará Ẹ̀gùá, bí wọ́n bá bù ú pín fún gbogbo ìlú, á kárí, á sì tún ṣẹ́kù fún àwọn ará Ìjọ́ùn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ etí ìró Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sókè, á dìde fùú, á bi atẹ́gùn pé ọmọ ta ni. Wọ́n ní ó lé àkùkọ kan láti àgbàlá dé oko ẹ̀gẹ́, torí pé ìgbà tí Àṣìkẹ́ bá ń ti balùwẹ̀ bọ̀ ni àkùkọ náà máa ń kọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àkùkọ.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alfred ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dẹnu ìfẹ́ kọ Àṣìkẹ́ nígbà tí Àṣìkẹ́ ṣì wà ní ọmọge. Àṣìkẹ́ ní òun ò fẹ́, Alfred sì kó ẹrù rẹ̀ kọjá bọ́dà sí Pobẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ó lọ ń tún rédíò ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ débi pé Gbọ́lá, àkọ́bí Àṣìkẹ́ àti Oyèkúnlé, ti di bàbá ọmọ. Lójú Oyèkúnlé, àná ni. Èyí tó wá burú jù ni pé Pobẹ̀ náà ni wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n Àṣìkẹ́ níyàwó lọ, ilé rẹ̀ sì kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Alfred gbọnrangandan.

Tẹ́lẹ̀, ojú ẹni ni ìwé ẹni. Tọkọtaya yìí á kí àwọn aṣọ́bodè, wọ́n á kọjá bí ẹni ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀, Oyèkúnlé á sì jókòó ti ìyàwó rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ títí wọn á fi padà. Àfi lọ́dún tí ìjọba ti bọ́dà pa. Wọ́n ní ẹrù ò gbọdọ̀ kọjá mọ́, ènìyàn pàápàá ò gbọdọ̀ kọjá láìní ìwé ìrìnnà. Gbogbo ìlú káwọ́ lérí. Oyèkúnlé nìkan ló ń fi ẹnu súfèé.

Ṣùgbọ́n Gbọ́lá dé, ó ní òun fẹ́ gba ìwé fún màmá òun. Súfèé dá.

"Kí ni màmá rẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kí wọ́n lè máa lọ wo ẹ̀gbọ́n wọn ni, Bàbá."

"Gba tèmi náà!"

Nígbà tó tó àkókò láti ya fọ́tò, Oyèkúnlé fá irùngbọ̀n, ó fi dáì dúdú kun orí títí ó fi ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó yá kóòtù Gbọ́lá wọ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé Alfred fúnra rẹ̀ ni yóò yẹ ìwé náà wò.

Ìwé jáde, òjò rọ̀, wọ́n kórè àgbàdo. Dáì ti ṣí kúrò lórí, irùngbọ̀n ti hù padà, funfun báláú, kí ìròyìn tó dé pé ẹ̀gbọ́n Àṣìkẹ́ ṣubú, ó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya dé ẹnu bọ́dà.

Ọ̀gá tó ń yẹ ìwé wò jẹ́ àlejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Ó wo ti Àṣìkẹ́, ó dá a padà. Ó wo ti Oyèkúnlé, ó wo Oyèkúnlé, ó tún wo ìwé.

"Bàbá, ìwé ọmọ yín lẹ mú wá."

"Èmi ni!"

"Ẹni tó wà níbí ò tíì ní ewú kan lórí."

Inú Oyèkúnlé dùn díẹ̀. Ó yọjú wò bóyá Àṣìkẹ́ gbọ́.

Ọ̀gá kọjú sí Àṣìkẹ́. "Màmá, ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Ọkọ mi ni."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Bàbá Gbọ́lá."

"Ìyẹn kọ́ ló wà nínú ìwé."

"Olówó orí mi."

"Màmá! Orúkọ!"

Àṣìkẹ́ wolẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò dárúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Àwọn àbúrò ọkọ pàápàá, Eyínfúnjowó ló ń pe ọ̀kan, Adúmáradán ló ń pe èkejì.

"Ó dáa. Ilé ta lẹ ń lọ?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n mi, tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Alfred. Alfred tó ń tún rédíò ṣe. Kò sẹ́ni tí ò mọ Alfred ní Pobẹ̀."

Ata ni orúkọ yẹn lójú Oyèkúnlé. Ó bú jáde: "Tèmi wúwo lẹ́nu rẹ, ti Alfred wá dùn bí oyin! Pe orúkọ mi!"

Àṣíáwù, obìnrin kan tó tò sẹ́yìn wọn, pòṣé. "Bàbá, ẹ rọra. Mo lè pe ajá mi lórúkọ, mo lè pe ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ọkọ mi kẹ̀? Ṣé kí ẹnu mi wọ́ ni?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Bí màmá ò bá dárúkọ tó bá ìwé mu, ẹ̀yin ò kọjá. Màmá lè máa lọ."

Àṣìkẹ́ sún mọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀. "Bàbá Gbọ́lá, bí ẹ bá ní kí n pè é, màá pè é. Níwájú gbogbo èrò yìí, bí mo ṣe ń pe Alfred."

Oyèkúnlé wo ọ̀nà Pobẹ̀. Ó wo èrò.

"Má pè é," ló wí. "Máa lọ. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ tètè san. Má sì jókòó síta o!"

Àṣìkẹ́ kọjá. Jàndáàmù kan, ọlọ́pàá wọn lódìkejì, tẹríba, "Bọ́njúù, madáàmù," ó sì bá a gba àpò. Díẹ̀ ló kù kí Oyèkúnlé fo irin tí wọ́n fi dínà.

Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó ń retí. Nígbà tó ṣe, ọlọ́kadà kan ti òdìkejì dé. Oyèkúnlé dá a dúró.

"Ṣé o rí obìnrin kan tó ró aṣọ àdìrẹ?"

"Èmi ni mo gbé wọn délé ẹ̀gbọ́n wọn."

"Ọ̀rọ̀ ta ló ń sọ lọ́nà?"

"Ti ọkọ wọn. Wọn ò dárúkọ. 'Wọn ò tíì jẹun', 'oòrùn á pa wọ́n', bẹ́ẹ̀ ṣáá ni."

Ọkàn Oyèkúnlé rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó tún fìlà dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà ò tíì délẹ̀ tó fi dojú kọ ọlọ́kadà.

"Ìwọ. Nígbà tí ọ̀kadà ń bọ́ sínú kòtò lọ́nà, ibo lára rẹ ni ìyàwó mi dì mú?"