Èèkù Idà tí Bàbá Adétóyè Dì Mú

Bí ẹ bá dé Ọ̀fà tí ẹ dárúkọ olóògbé Adétóyè, ọ̀rọ̀ idà ilé Alhaji Tàjùdéèn ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Kùránì wà nínú ilé náà o, àmọ́ idà baba ńlá wọn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n ní ẹni tó bá di èèkù rẹ̀ mú búra, tí ọ̀rọ̀ sì há sí i lẹ́nu, oṣù tuntun kò ní í lé bá a láyé.

Àbúrò Alhaji ló kú lójijì. Ni wọ́n bá ní kí Àṣàbí, opó rẹ̀, wá fi idà búra pé òun kọ́ ló pa á. Ọwọ́ Àṣàbí mọ́, àmọ́ akólòlò ni! Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó sáré lọ bá Adétóyè, aládùúgbò wọn.

Ojo paraku sì ni Bàbá yìí. Bí ààrá bá sán, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń lọ. Bí ọmọńlé bá já bọ́, "Jésù gbà mí o!" ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ èèkù idà àtijọ́ tó o. Ará Ìjagbó kan ti gbé idà kan wá tà fún un rí, ó ní ti jagunjagun ni.

"Ṣé ọ̀kadà ni jagunjagun ọ̀hún gùn lọ sógun ni?" Bàbá bi í. "Rọ́bà ọwọ́ ọ̀kadà lẹ kì bọ ìdí idà yìí!"

Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ ìbúra, Jésù ni Bàbá ń pè bó ṣe ń wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ wo awọ tí wọ́n rán mọ́ èèkù idà náà.

"Alhaji, ṣé okùn ọ̀rá ni wọ́n fi ń rán awọ láyé baba ńlá yín? Wọ́n ti pààrọ̀ èèkù yìí."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Bàbá ti dì í mú. "Bó bá jẹ́ ti baba yín ni, kó pa èmi Adétóyè!"

Gbogbo agboolé tẹjú mọ́ ọn. Bàbá bá sín. Kó tó nu imú tán, ìdajì ẹbí ti fo ògiri.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni Alhaji ń yà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣì wà?"

"Mo wà o."

Nígbà tí oṣù tuntun lé, tí Bàbá ṣì ń jẹun, wọ́n fi Àṣàbí lọ́rùn sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún tó kọjá, Bàbá sùn, kò jí mọ́. Níbi ìsìnkú, ẹnìkan ní idà yẹn náà ló padà pa á. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Àṣàbí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní sùúrù fún un.

"A-awọ nìkan ni Bàbá rí pé wọ́n pààrọ̀. Igi tó wà nínú awọ yẹn, ó sọ fún mi pé òun ò mọ̀ bóyá ti baba wọn ni. Ẹ̀-ẹ̀rù bà á ju èmi lọ, ó sì dì í mú."