Pẹ́dà Apá Òsì

Ọkọ mi mọ gbogbo nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé ẹni yẹpẹrẹ ni mo fẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ka mítà iná láti ojúlé dé ojúlé kó tó fẹ̀yìn tì. Títí dòní, bó bá wọ ilé onílé, ara ògiri ló máa kọ́kọ́ wò kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Mítà ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, òun náà sì gbà pé oyè ni.

Nígbà tí bàbá ọkọ mi kú, kẹ̀kẹ́ dúdú kan tí wọ́n fi sílẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí, ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá sọ lójú gbogbo ẹbí pé, "Má gbé kẹ̀kẹ́ yẹn o, wàá bà á jẹ́. Láti kékeré, o kì í gbọ́ ọ̀rọ̀." Kí ni ọkọ mi ṣe? Ó gbé kẹ̀kẹ́. Ó tún wá búra pé ọjọ́ tí ojú àwọn méjèèjì bá tún máa ríra, orí kẹ̀kẹ́ yẹn lòun máa wà, òun á sì gùn ún wọ àgbàlá ẹ̀gbọ́n òun. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn o, fún ẹni tó ti ń wá bàtà lójú kan náà tó bọ́ ọ sí.

Ó wá gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sínú yàrá ẹrù fún ọdún méjìlá, ó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò ó. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tèmi ni.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà ní tèmi. Oṣooṣù ni mò ń pe Bọ̀ọ̀dá lórí fóònù láti ẹ̀yìn ilé. Lọ́dún yìí, àìsàn gbé wọn dè, ẹsẹ̀ òsì wọn ò gbọ́ràn mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ìyàwó wa, àbúrò mi ńkọ́? Mi ò fẹ́ kú láìfojú kàn án." Mo wọlé, mo sọ fún ọkọ mi. Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kúrò lórí kẹ̀kẹ́.

"Ẹ wọ bọ́ọ̀sì," mo ní. "Ẹ máa débẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jiná."

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀? Kó lè sọ pé mo ti ba kẹ̀kẹ́ jẹ́?"

Ó pààrọ̀ táyà, ó fi òróró sí ṣéènì, ó ra pẹ́dà tuntun méjì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ti ọ̀tún wọlé wẹ́rẹ́. Ti òsì kọ̀. Ọkọ mi fi sípánà mú un, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń làágùn. Mo wà níbẹ̀, mò ń ká aṣọ. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe apá òsì ni wọ́n ń yí tòsì sí?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú bàbá rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo ka mítà ni àbí èmi?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí mítà àti pẹ́dà ti tan. Ó lọ wá páìpù irin wá, ó ki páìpù náà bọ ẹ̀yìn sípánà, ó fi gbogbo agbára tì í. Nǹkan ké kààràkà nínú rẹ̀. "Ó ti mú!" ló ní. Mò ń ká aṣọ mi lọ.

Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì ló gbéra, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú àpò, nítorí kò lè ṣe kó má ka nǹkan. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ó pè mí: "Kìlómítà méjìlélọ́gọ́ta! Kẹ̀kẹ́ ń lọ geere." Lọ́jọ́ kejì, ó ní ìró kékeré kan ń dún lápá òsì, pé ara kẹ̀kẹ́ ló ń nà. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn tó wọlé láàárọ̀ ti rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n rẹ.

"Ìyàwó, pẹ́dà òsì ti já bọ́."

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ pé "ṣebí mo wí". Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo sọ ọ́.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan tó ń jó irin ló wà, ní ìlú tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí láti gba epo. Ó ní òun máa wá ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gbé òun padà wálé. "Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́dọ̀ rí mi báyìí láéláé." Mo ní kó má kúrò níbẹ̀, mò ń gbé pẹ́dà míì bọ̀. Mo gé fóònù, mo pe Bọ̀ọ̀dá, mo sọ ibi tó wà fún wọn. Ká tiẹ̀ pa mí.

Mo ra pẹ́dà, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo bá ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì, gíríìsì dé orúnkún. A ki pẹ́dà tuntun bọ ihò, ó wọlé, ó jábọ́. Wẹ́dà mi orí. "Màmá, eyín inú ihò yìí ti jẹ tán, ó ti dán bí òrùka. Ìrìn àjò ti parí." Ọkọ mi ò wojú ẹnikẹ́ni.

Takisí kan wá dúró. Ọ̀pá ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn náà ni Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì jáde bí ẹrù. Ọkọ mi fò dìde, ó sáré dúró síwájú kẹ̀kẹ́, ó na apá méjèèjì kó lè bò ó. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin!

"Kúrò níbẹ̀," Bọ̀ọ̀dá ní. "Mo ti rí i."

Bọ̀ọ̀dá jókòó, wọ́n ní kí n gbé sípánà wá. "Ṣé o rí i, bó ṣe yẹ kó o ṣe é nìyí." Wọ́n ki pẹ́dà bọ ihò, wọ́n fi sípánà mú un, wọ́n fi gbogbo ara yí i sọ́tùn-ún.

"Bọ̀ọ̀dá, òsì ni!" Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo.

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. "Ta ló sọ?"

"Bàbá yín ni! Wọ́n sọ fún mi lójú ọ̀nà ilé ìdáná wa. Ti ọ̀tún sọ́tùn-ún, ti òsì sósì. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn ò létí."

Àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gorí ebè. Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí ó fi di ẹkún. "Ọdún méjìlá," wọ́n ní. "Ká ní èmi ni mo gbé e, ọjọ́ kejì ni ǹ bá ti bà á jẹ́."

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn, nínú eruku irin wẹ́dà. "Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ gùn ún wọlé ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i."

"Dìde. Mo ti rí ọ."

Takisí ò lè gba kẹ̀kẹ́, gáréèjì tí a ti lè rí ọkọ̀ tó máa gbà á sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bọ̀ọ̀dá na ọ̀pá wọn sí mi. Wọ́n gbé ọwọ́ lé gàárì kẹ̀kẹ́, wọ́n fara tì í, ọkọ mi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, àwọn méjèèjì ń lọ. Ọkọ mi ò wo ọ̀nà, ẹsẹ̀ òsì yẹn ló ń wò. Bí ẹsẹ̀ yẹn ò bá tíì kúrò nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò ní yí.

"Rọra," Bọ̀ọ̀dá ní. "O kì í gbọ́ ọ̀rọ̀."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń tì í ni àbí èmi?"

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ọ̀pá Bọ̀ọ̀dá lé èjìká, mò ń tẹ̀ lé wọn, omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.