Omi Tí Àlejò Kan Mu Nílé Wa

Ọjọ́ tí Ìyá Sáfù mu omi nílé wa ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Orí òkè Dasa là ń gbé. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń kí wa, ṣùgbọ́n wọn ò mu omi wa mọ́. Wọ́n ní irú ikú bẹ́ẹ̀ máa ń ranni. Àlejò á ní òùngbẹ ò gbẹ òun, èmi ni mo sì máa ń da omi náà nù. Nígbà tó yá, ó sú ìyá mi, kò bu omi fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Sáfù, tó máa ń ra iṣu wa lọ tà lọ́jà Glazoué, gun òkè wá nínú oòrùn. Ìyá mi gbé àpótí fún un, ṣùgbọ́n kò bu omi wá.

"Ṣé ẹ ò ní fún mi lómi ni?"

"Ẹ má bínú. Àwọn èèyàn kì í mu omi ilé yìí mọ́."

"Àwọn nìyẹn. Òùngbẹ ń gbẹ èmi."

Ìyá mi bu omi wá. Igbá náà kún, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Ìyá Sáfù mu ún tán, ó tún ní kó bu sí i. Ni ìyá mi bá jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ ìsìnkú, n kò tíì rí i kó sunkún.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo gbé igbá wọlé. Mo mọ̀ pé kò sẹ́lòmíì tó máa mu omi wa lọ́la. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sí omi tí mo máa dà nù.